Ìbọn wo ló yẹ kí ọdẹ gbé wọ igbó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọdẹ ìsinsìnyí ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbọn tí wọn yóò gbé wọ igbó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni ìbọn náà lè yìn kí wọ́n tó tún un kì. Wọn kì í béèrè bóyá ibi tí wọ́n bá nà án sí náà ló ń ba. Wọn kì í sì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń yìn ín bí irin rẹ̀ bá fọ́ láàárín òru.

Ìròyìn ọdẹ tó yìnbọn lu ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní ẹranko lòun rò pé òun rí, kì í ṣe ìròyìn tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbọn tó bẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ará abúlé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ọkùnrin náà kò bọ Ògún bó ṣe yẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá ẹlòmíràn jiyàn lórí ohun tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ògún, ó yẹ kí ẹnìkan gbé ìbọn náà yẹ̀ wò ná.

Ṣakabùlà ni bàbá ìbọn ọdẹ nílẹ̀ yìí. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ló kó o dé etíkun láyé àtijọ́, orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é títí di òní, Dane gun, ń tọ́ka sí àwọn ará Denmark tí wọ́n wà lára àwọn tó ń tà á. Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa mọ̀ ọ́n rọ. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi àkísà dí i, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ọta á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀ lè fi pa ẹran ńlá, ọ̀pọ̀ ilé ló sì fi tọ́ ọmọ, tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé pàápàá.

Àmọ́ àléébù rẹ̀ kò fara sin. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i, tàbí òjò bá kán sí i, ẹ̀tù á tutù, ìbọn kò ní dún. Nígbà mìíràn, ó lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fa apátí kó tó dún, nígbà tí ọdẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀ tó ń wò ó pé kí ló ṣe é. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń wáyé. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹ̀tù ló tún burú jù. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó bá ọdẹ wọ̀n ọ́n, àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ lónìí, tó dín lọ́la, ọta kò lè máa ba ojú kan náà. Ohùn nìkan ni Yorùbá fi ya ẹ̀tù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹtu, ẹni tó bá sì ṣi ti àkọ́kọ́ wọ̀n kò ní rí èkejì gbé wálé.

Àgbà ọdẹ tó ti fi 40 ọdún mọ ìwà ṣakabùlà rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹni tó ń lọ ra ìbọn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, àti bàbá tó fẹ́ ra á fún ọmọ.

Èyí tó yẹ kí wọ́n sá fún jù lọ ni ìbọn kátíríìjì tí àwọn kan ń rọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó wọ́n díẹ̀ ju ṣakabùlà lọ, kò wọ́n tó ti òyìnbó, ó sì ń dán lójú. Ìdí tó fi rọrùn láti rí ni pé páìpù omi tàbí irin mìíràn tí wọn kò ṣe nítorí ìbọn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀tù dúdú tí ṣakabùlà ń lò àti ẹ̀tù inú kátíríìjì. Àfiwé kan lè jẹ́ kó yé ènìyàn. Atẹ́gùn táyà ọkọ̀ kékeré máa ń wà ní nǹkan bí 30 lórí aago àwọn fọganáísà. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n kan náà wo agbára tó ń tú jáde nínú kátíríìjì 12, ó lè dé 10,000, kó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà nígbà tó bá ń tú. Páìpù náà lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbà á nígbà 20. Kì í sọ fún ènìyàn pé ìkọkànlélógún ni òun yóò fọ́. Ẹni tó tà á á ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rà á tí wọn kò ráhùn, òótọ́ sì lè ni. Ẹni tí ìbọn bá fọ́ mọ́ lójú kì í sábà padà wá bá alágbẹ̀dẹ fún owó rẹ̀.

Èyí tó tún wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni pump-action, ìbọn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn fà síwájú tó sì ń yìn léraléra. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, kò fi irú rẹ̀ sára àwọn ìbọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ fún. Ìbọn kátíríìjì tí òfin náà fàyè gbà ni èyí tí kò ní ẹ̀rọ tí ń ti ọta mìíràn wọlé fúnra rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe AK-47, kò sí wàhálà. Òfin tó de olè jíjà àti ìbọn sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò ní ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè san 20,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un. Owó ìtanràn náà kò tó nǹkan mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n ọdún 10 ṣì jẹ́ ọdún 10.

Yàtọ̀ sí ti òfin, kí ni ìbọn tó ń yìn nígbà márùn-ún wà fún nínú igbó? Ẹtu kì í dúró gba ìkejì. Bí àkọ́kọ́ bá tàsé, ó ti wọ inú ìgbẹ́, ohun tó bá sì kù tí ọdẹ ń yìn, ewé ló ń yìn ín lù, tàbí ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn ewé. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìbọn òun máa ń fara balẹ̀. Ó máa ń dúró kí ẹran yí ẹ̀gbẹ́ sí òun. Ẹni tó ní márùn-ún máa ń ná wọn bí ọmọ tó rí owó ọdún. Èyí kò ṣeé fi wéré mú lóru pàápàá, nítorí pé ojú ẹran tó ń tàn nínú iná orí ni ọ̀pọ̀ ń yìnbọn sí. Ojú ewúrẹ́ náà ń tàn, ojú ajá ń tàn, ti màlúù náà ń tàn, gíláàsì ẹ̀yìn ọ̀kadà tí àgbẹ̀ kan gbé ti igi náà sì ń tàn. Ọdẹ tí kò bá tíì rí ara ẹran, àyà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tíì rí ẹran.

Nítorí náà, ìbọn tó dára jù fún ọdẹ tó ń lépa ẹtu àti àgbọ̀nrín nílẹ̀ yìí ni ìbọn kátíríìjì ẹlẹ́nu kan, tí ilé-iṣẹ́ gidi ṣe, tí wọ́n ń ṣẹ́ láti àárín kí wọ́n tó ki ọta sí i. Ẹlẹ́nu méjì náà dára fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, ó sì wọ́n. Ẹlẹ́nu kan kò ní nǹkan púpọ̀ tó lè bàjẹ́ nínú. Bí ọdẹ bá fẹ́ sọdá odò tàbí gun òkè, á ṣẹ́ ẹ, á yọ kátíríìjì sápò, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì fi ojú rí i pé kò sí nǹkan nínú ìbọn. Kò sí ìbọn mìíràn tó fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti mọ̀ bóyá ó kún tàbí ó ṣófo.

Nọ́ńbà 12 tó wà lára ọ̀pọ̀ ìbọn wọ̀nyí máa ń rú àwọn kan lójú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yọ́ òjé tó wọn pọ́ùn kan, tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gba inú ọ̀pá ìbọn náà géérégé. Ìdí nìyí tí 16 àti 20 fi kéré sí 12, tí kò tóbi jù ú lọ bí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń rò. Kátíríìjì 20 tó bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn 12 á yọ́ kọjá, á lọ há sáàárín ọ̀pá ìbọn. Bí ọdẹ bá tún ki 12 tẹ̀lé e láìmọ̀, tó sì yìn ín, ọ̀pá náà á fọ́. Kí ẹni tó bá ní méjèèjì nílé má kó ọta wọn sínú àpò kan náà láé.

Gígùn kátíríìjì náà ṣe pàtàkì, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ fi kan àwọn tó jogún ìbọn. Ọ̀pọ̀ ilé ọdẹ ló ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá tàbí bàbá bàbá wọn rà nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba. Bí wọ́n bá fi epo nu ìdí irin rẹ̀, wọ́n lè rí àmì kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sí i. Àmì àwọn ilé ìdánwò ìbọn ìlú London tàbí Birmingham ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Ilé ìdánwò ti Birmingham ti wà láti 1813, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé kí wọ́n fi ọta tó lágbára ju ti gidi lọ dán ìbọn wò kí wọ́n tó tà á. Ìbọn dáradára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ni wọ́n ṣe fún kátíríìjì tó gùn ní íǹṣì méjì àti ààbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé íǹṣì méjì àti ìdámẹ́rin mẹ́ta, tàbí mẹ́ta gbáko, ni ti òde òní. Èyí tó gùn jù náà á wọlé láìjà, nítorí pé ìgbà tó bá dún ni ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tó sì ń gùn sí i. Kò ní àyè tí yóò ṣí sí, agbára inú rẹ̀ á wá pọ̀ ju èyí tí ìbọn bàbá lè gbà lọ. Ìbọn tó sin bàbá fún ọdún 50 láìṣẹ̀ ẹ́ lè ṣẹ ọmọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló fi nǹkan ṣe é.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ìbọn tí wọ́n ti lò, kí ó lọ ní ọ̀sán. Kí ó ṣẹ́ ẹ, kí ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó sì wò ó láti ìdí. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere bíi dígí. Bí ó bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí ìpẹta jẹ, tàbí òjìji tó ṣẹ́ kọ́rọ́ ní ojú kan, irin ti wó níbẹ̀ tàbí ó ti wú. Kí ó pa á dé, kí ó di ìdí rẹ̀ mú, kí ó sì mì ín létí. Bí ó bá ń ró kẹ̀ǹkẹ̀, ibi tí wọ́n fi so ó pọ̀ ti jẹ, á jẹ́ pé ojú ọdẹ ni iná yóò máa gbà jáde. Ti ẹlẹ́nu méjì, kí wọ́n tú àwọn ọ̀pá rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ìka kan gbé wọn rọ̀, kí wọ́n sì fi èékánná kàn wọ́n. Bí wọ́n bá dún bí agogo, ó dára. Bí ohùn rẹ̀ bá kú bí ti ìkòkò tó ti sán, òjé tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ti ń ṣí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni kì í ṣe gbogbo èyí. Wọ́n á gbé ìbọn, wọ́n á nà án sókè, wọ́n á ní ó dùn ún gbé, ó parí.

Gbígbé náà ní tirẹ̀ o. Kí olùrà di ojú, kí ó gbé ìbọn lé èjìká bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, lẹ́yìn náà kí ó la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn láìwá a, ìbọn náà bá a mu. Bí ó bá ní láti na ọrùn tàbí tẹrí ba kó tó rí i, ìdí ìbọn kò bá a mu, káfíńtà tó mọṣẹ́ sì lè tún un ṣe.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ ìbọn kò ju bébà lọ. Kí wọ́n lẹ bébà fífẹ̀ mọ́ ara ọ̀gán tàbí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí ènìyàn kò lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fi abọ́ ìjẹun ya òbìrí sí àárín rẹ̀. Àyà ẹtu kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n ka ìṣísẹ̀ 30, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n lọ ka iye ọta tó wọ inú òbìrí náà. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú irú kátíríìjì kan náà, kí wọ́n sì dán irú mìíràn wò. Ìyàtọ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ìbọn kan lè fẹ́ràn ọta báyìí, kó máa fọ́n òmíràn ká bí ẹni ń fúnrúgbìn. Kátíríìjì olóta ńlá wà tó jẹ́ pé ọta 9 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí méjì péré bá wọ òbìrí ní ìṣísẹ̀ 30, ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 20 ni òpin ti òun, kí ó má sì yìn ju ibẹ̀ lọ. Ẹran tí kò kú lójú ẹsẹ̀, tó gbé ọta sára wọ inú ìgbẹ́ lọ kú ní ọjọ́ kẹta, kò ṣe ọdẹ ní àǹfààní, igún ló jẹ ẹ́. Kátíríìjì mẹ́ta tí wọ́n yìn sí bébà kò sì lè wọ́n tó àgbọ̀nrín kan tó bọ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò kúkú ra ráífù, èyí tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń pa àgbọ̀nrín láti ìṣísẹ̀ 200, pẹ̀lú awò lórí. Òfin wa fàyè gba àwọn ráífù ọdẹ kan fún ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ, yàtọ̀ sí àwọn tí ọta wọn jẹ́ ti ológun. Àmọ́ níbo ni ìṣísẹ̀ 200 náà wà? Nínú igbó Ìdànrè tàbí Ọ̀wọ̀, ọdẹ kì í rí ju 30 lọ kí ewé tó dí i lójú. Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ojú ríran jìnnà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni oko àti abúlé Fúlàní wà káàkiri. Ọta ráífù ńlá lè rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ bí kò bá rí ohun tó dá a dúró. Ọta ńlá inú kátíríìjì pàápàá kò rìn dé ibẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀ Massachusetts kì í jẹ́ kí wọ́n fi ráífù dẹ àgbọ̀nrín, Illinois náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ ọ́ títí tó fi yọ̀ǹda díẹ̀ ní 2023, nítorí pé ilé àti oko pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ba àwọn yẹn lẹ́rù náà ló yẹ kó ba ará Ìsẹ́yìn lẹ́rù.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ń sọ pé kì í ṣe ẹran nìkan ló wà nínú igbó mọ́. Àwọn ajínigbé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ológun, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹlẹ́nu kan kò lè gba ọdẹ lọ́wọ́ irú wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pump-action kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó dá wọ igbó kò lè gbà á náà. Iṣẹ́ ọdẹ ẹran ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọdẹ ìlú ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èkejì, Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020 wà níbẹ̀, ìjọba ló sì yẹ kó wá ohun ìjà tó tó fún wọn, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó, kí wọ́n sì máa kà á padà lálẹ́. Bí olúkúlùkù bá ń fi owó ẹran ra ìbọn ogun pamọ́ sílé, ọwọ́ ajínigbé náà ni ìbọn ọ̀hún yóò padà bọ́ sí.

Ẹ̀bi ìjọba wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni òfin fún ní agbára láti fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìbọn kátíríìjì. Bàbá ọdẹ kan ní abúlé lẹ́yìn Ṣakí, tó ń ta òyà méjì lọ́sẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ ìwé dé Àbújá? Nígbà tí ọ̀nà tó tọ́ bá jìnnà báyìí, ẹ̀yìnkùlé alágbẹ̀dẹ ló sún mọ́ tòsí. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ìbọn páìpù dín kù, kí wọ́n mú ìwé àṣẹ ẹlẹ́nu kan wá sí ìjọba ìbílẹ̀, kí Olúọdẹ àti àgọ́ ọlọ́pàá jọ jẹ́rìí ẹni tó ń gbà á. Àwọn Olúọdẹ mọ ẹni tó ń mutí yó àti ẹni tó ń bínú lódìlódì ju ẹni tó jókòó sí Àbújá lọ. Òfin 1959 náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé ìbọn, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

Ti ojú yìí kan àwọn àgbà gan-an. Ọdẹ tó ti ń ro ìka pọ̀ kí ó tó mọ náírà 500 yàtọ̀ sí 1,000 kò yẹ kó máa yan ẹran nínú òkùnkùn. Ojú tí ẹbẹ́ bò ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé-ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ló sì ti padà ríran. Kí ó lọ ṣe é kó tó pààrọ̀ ìbọn, nítorí kò sí ìbọn tó ń bá olówó rẹ̀ ríran.

Ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ń pàdé lóṣooṣù tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí òjò tó dá, kí oníkálùkù gbé ìbọn rẹ̀ wá, kí wọ́n lẹ bébà, kí wọ́n gbé abọ́, kí wọ́n ka ìṣísẹ̀ 30. Ìbọn tó bá wú, tó ń ró kẹ̀ǹkẹ̀, tàbí tó jẹ́ páìpù omi, kí Olúọdẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kódà bó jẹ́ ọmọ rẹ̀.